Kí Ló Ti Lò Kí Ó Tó Dé Ibí?

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta oògùn òyìnbó. Mo-Ti-Mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá orúkọ náà. Bí aláìsàn bá dé iwájú kántà rẹ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì, á ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n," ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lórí pẹpẹ oògùn. Lójú tirẹ̀, ibà ni ibà ń jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn Olúwa. Láràárọ̀, bí ó bá ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa bẹ Ọlọ́run sókè pé kí ó jẹ́ kí òun fi etí ara òun gbọ́ àdúrà lẹ́nu ọkọ òun. Ọkọ á sì yí rédíò sókè. Kì í ṣe pé kì í dé ilé ìsìn o. Ó ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìwàásù á gún un lọ́kàn díẹ̀, á pa irọ́ tì títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti sọ̀rọ̀ Jésù fún un títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ló ń gbà: "Mo ti mọ ìyẹn náà, ọ̀rẹ́ mi. Máa fá orí oníorí lọ."

Ní ọjọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ìyàwó Mo-Ti-Mọ̀, ara rẹ̀ sì gbóná janjan. Ọkọ ní ibà ni. Ó fún un ní oògùn ibà, ó sì fi kápúsù apakòkòrò, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn, díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú páálí kan lé e. Ara obìnrin náà rọ̀ díẹ̀, Mo-Ti-Mọ̀ sì ń yangàn kiri.

Àìsàn náà tún gbérí. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń dun obìnrin náà lójú, ó ń bì, ọrùn rẹ̀ gan débi pé kò lè fi àgbọ̀n kan àyà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pe ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn, Mo-Ti-Mọ̀ sì tẹ̀ lé wọn.

Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti inú eegun ẹ̀yìn aláìsàn náà.

"Ó jọ yírùnyírùn," ló wí, "àìsàn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà, wọ́n sì jọra níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà tí kòkòrò rẹ̀ ń pani kíákíá, abẹ́rẹ́ líle la fi ń lé e. Ọ̀kan wà tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, ìyẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Òmíràn ń bá ikọ́ ẹ̀gbẹ rìn, díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́ wọlé. Omi yìí ni yóò sọ èyí tó jẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló ti lò kí ó tó dé ibí?"

Nọ́ọ̀sì tó dúró níbẹ̀ jẹ́ oníbàárà Mo-Ti-Mọ̀. Ojú ti Mo-Ti-Mọ̀ láti jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀.

"Kò lo nǹkan kan," ló wí.

Wọ́n kọ́kọ́ fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ líle. Nígbà tí èsì dé, kòkòrò kankan kò hù nínú omi náà. Dókítà ní bí kò bá lo nǹkan kan lóòótọ́, a jẹ́ pé èyí tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró.

Onígbàjámọ̀ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìwọ yìí, kí o rí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, kí o má fún un ní oògùn? Lọ sọ òtítọ́."

"Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, gìrì mú obìnrin náà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ yí sókè. Ìgbà yẹn ni Mo-Ti-Mọ̀ ṣubú lulẹ̀ níwájú dókítà. "Mo purọ́ fún yín, mà. Mo fún un ní apakòkòrò, kò sì pé."

Dókítà kò bá a jà. "Èyí tí ẹ fún un kò tó láti pa kòkòrò náà," ló wí. "Ó kàn tó láti fi í pa mọ́ kúrò lójú wa." Wọ́n sáré bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà padà.

Mo-Ti-Mọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sunkún. Onígbàjámọ̀ jókòó tì í.

"O ti jẹ́wọ́ fún dókítà," ló wí. "Ẹnìkan ṣì wà tí o ń purọ́ fún. Díẹ̀díẹ̀ lo ti ń gba ọ̀rọ̀ Rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ìwọ̀nba tó lè bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ mọ́lẹ̀ lójú ara rẹ. Kò pa ẹ̀ṣẹ̀ náà."

Mo-Ti-Mọ̀ kúnlẹ̀ síbẹ̀. "Jésù," ló wí, "n kò mọ nǹkan kan. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Obìnrin náà kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lajú, ẹnu ni ó ń wò bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àìsàn náà ti gba etí rẹ̀ méjèèjì lọ.

Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbàdúrà sókè, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù ló gbọ́. Aya rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ lọ́fun, ó rí i pé ó di ojú, omi sì ń dà níbẹ̀.

"Ṣé àdúrà lẹ ń gbà?" ló béèrè.

Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Báwo ni ohùn yín ṣe ń dún?"

Ó di ọwọ́ aya rẹ̀ mú mọ́ ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì ń gbàdúrà lọ.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bí ara ẹnìkan nínú ilé rẹ bá gbóná, tí ọrùn rẹ̀ sì gan, má ṣe sọ pé o ti mọ̀ ọ́n. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí o sì sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkàn rẹ ńkọ́? Ọlọ́run dárí ji ọkùnrin yìí pátápátá nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù, yóò sì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjáfara rẹ̀ gbà lọ kò padà. Bóyá ẹnìkan wà nínú ilé tìrẹ tó ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí rẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Etí onítọ̀hún ṣì ń gbọ́ràn lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o jẹ́ kí ó gbọ́ àdúrà rẹ.