Ìkéde Dosi

Ọkùnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwa obìnrin. Ohun àkọ́kọ́ tí kò bójú mu nìyẹn, nítorí ní ìjọ wa ní Kankon, láyé ìjọba òyìnbó, tọkọtaya pàápàá kì í jókòó pọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti bó, síbẹ̀ omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Mo rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tíṣà Zinsu ló ń wàásù. Èèyàn rere ni, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ní ìgbéyàwó ni ìrìbọmi, pé Olúwa ni ọkọ, onígbàgbọ́ ni aya. Títí débẹ̀, ó dára. Ló bá mú Dosi, tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi, dúró níwájú, ó kọjú rẹ̀ sí wa, ó sì kéde rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kéde ìyàwó.

"Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so Dosi pọ̀ mọ́ Olúwa, kí ó wí i nísinsìnyí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọkùnrin náà dìde.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Asi ṣie ni." Ìyàwó mi ni, lédè Gun.

Ẹ̀rín dá. Gbogbo Kankon ló mọ̀ nípa rẹ̀, a kàn ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ni. Lẹ́yìn tí ìbejì ìyá Dosi kú, ó lóyún mìíràn, ó lọ sétí ọ̀sà, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi pé bí òun bá bí obìnrin, kí ó fi ṣaya. Ìlẹ̀kẹ̀ kan léfòó wá sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú un lọ sílé.

"Ìlẹ̀kẹ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ yín," ọkùnrin náà wí, ó ń rìn lọ síwájú. "Ta ló wá ń fi aya mi fún ẹlòmíràn?"

Tíṣà ti dojú bolẹ̀ lẹ́bàá tábìlì.

Dosi kọjú sí i, ó sì dáhùn. "Ìlẹ̀kẹ̀ yín yóò padà sọ́dọ̀ yín lónìí. Ẹ̀jẹ̀ ara Rẹ̀ ni ọkọ mi fi fẹ́ mi."

"Ó dà? Kó dáhùn. Bí kò bá sí, ó yá, ká máa lọ."

Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu Dosi, omi ọ̀sà pẹ̀lú iyanrìn, kò sì lè mí mọ́. Ọmọ náà ń kú lójú wa lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè pe orúkọ Ọlọ́run.

Ẹnì kan sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi nìyí."

Ohùn náà kò ga. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ọrùn tèmi kọ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wá dà bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó tú ọwọ́ Dosi sílẹ̀. A kò rí i mọ́.

Nígbà tí a fi lè wẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ mi, o rí I? Báwo ni Ó ṣe wo ọ̀tá náà?"

Dosi nu ẹnu rẹ̀. "Kò wò ó rárá, Tíṣà. Ẹ̀yin ni Ó ń wò. Ó ń wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ tó mọ ohun tí aya rẹ̀ fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn."

Kí oòrùn tó wọ̀, èrò ti kún ọ̀nà ọ̀sà. Olúkúlùkù ló di nǹkan kékeré tó fẹ́ dá padà fún omi mọ́ra, Tíṣà ló sì wà níwájú. Kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.