Ìtumọ̀ Kan Ṣoṣo

Gbàgà. Ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ ìró ilẹ̀kùn irin yẹn kò kúrò létí ọmọbìnrin kan. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí pa dáadáa, gbàgà ló máa ń dún. Ní Sátidé kan, kò dún.

Àǹtí rẹ̀ ló ni ilé ìtajà ẹja náà. Nígbà ìsinmi iléèwé, ọmọbìnrin yìí ń kọ́ òṣìṣẹ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bọ̀ọ̀dá Kíákíá ni gbogbo wọn ń pè é. Ọjọ́ tó kọ́ ọ pé "fast" ni kíákíá, ṣe ni ọkùnrin náà ń sáré yí àwọn páálí ẹja po, tí ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n.

Ọjọ́ yẹn náà ló béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà ti ń súfèé pè é níta.

"Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má da ara yín láàmú." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Sátidé yẹn, àǹtí lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín: "Make this door fast." Kí wọ́n tì í pinpin ló ń wí. Bọ̀ọ̀dá Kíákíá kà á, ó ti ilẹ̀kùn wéré, ó sáré lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀, gbogbo ẹja ti bàjẹ́.

"Ilẹ̀kùn lásán, o ò lè tì. Olódo. Kó ẹrù ẹ," ni àǹtí wí lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ọkùnrin náà ṣí ìwé tó fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan: "fast", kíákíá. Àǹtí ò wò ó. Ọmọbìnrin náà wò ó: ọwọ́ ìkọ̀wé òun gan-an ni. Ó gbé ojú kúrò, ó bọ́ sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́.

Inú bí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ní ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè? Ta ní ń pe àgbàlagbà ní olódo lójú ọmọdé? Ó bínú sí àǹtí, ó bínú sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, títí ó fi ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì bínú sí. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá "fast". Kíákíá. Pinpin. Ààwẹ̀ gbígbà pàápàá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn lédè Ṣáínà àti lédè tiwa. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ láti ṣàlàyé wọn.

Odindi ọjọ́ méjì ló fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, tó ń pa á rẹ́, tí bàtà rọ́bà tí ọkùnrin náà fi ń ṣiṣẹ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́. Níkẹyìn, ó fi í ránṣẹ́:

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà. Ó bi mí, mo ní kò sí ìtumọ̀ mìíràn, torí eré ni mo fẹ́ lọ ṣe. Ẹni tó béèrè kọ́ ni olódo. Èmi tí mi ò mọ̀, tí mo ní mo mọ̀, tí mo tún dákẹ́ nígbà tí ẹ ń lé e, èmi ni."