Abẹ́rẹ́ Tó Gbé Ojú Mojí Padà

Fọ́tò ni Kẹ́misọ́lá kọ́kọ́ rí kó tó rí ọkùnrin náà. Ọwọ́ kan nà án gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ohùn kan sì tẹ̀lé e.

"Ẹ káàsán o, àǹtí télọ̀. Ṣé ẹ lè rán irú gáùn obìnrin yìí fún ọmọ mi?"

Ọládìran lorúkọ ọkùnrin náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta léèsì ní Main Market. Kẹ́misọ́lá ní tirẹ̀ ti lo ọdún méjìdínlógún ní Onitsha. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò bímọ fún un, ó sì gbọ́ Ìgbò débi pé ó lè fi bá oníkẹ̀kẹ́ jà.

"Ta ló ni fọ́tò?"

"Mojí, ìyàwó mi. Ó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin. Bùkọ́lá ọmọ wa ló ní gáùn ìyá òun gan-an lòun fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń jáde níléèwé."

Kẹ́misọ́lá lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún gbogbo sítáì. Arẹwà ni Mojí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ń dán. Ojú rẹ̀ ni kò jẹ́ kára rọ èèyàn: bí Kẹ́misọ́lá bá sún sọ́tùn-ún, ó ń wò ó; bó bá sún sósì, ó ń wò ó.

Gáùn kan ṣoṣo ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ọládìran wá wò ó bóyá ó ti parí. Nígbà tó parí, kò yé wá.

"Kẹ́mi mi, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, tí mo bá ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ, ó tán."

"Bàbá Bùkọ́lá, ẹ lọ tajà yín." Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi rán apá bùbá oníbàárà kan sódì.

Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí ìyá Ọládìran dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá jẹ iyán Kẹ́misọ́lá, ó dúpẹ́, ó tún bù sí i. Ẹ̀yìnkùlé ni Kẹ́misọ́lá ti ń fọ abọ́ tó fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọládìran, ìyàwó lo ń wá ni, àbí ìyá kejì? Ojú rẹ̀ hunjọ ju tèmi lọ. Mojí ò rí báyìí."

"Màmá, ẹ rọra."

Ó ní kí màmá rọra, kò ní kó dákẹ́. Ìyẹn ló dun Kẹ́misọ́lá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó sì ń bẹ̀rù pé ọkùnrin yìí máa bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nítorí awọ ojú lásán.

Oníbàárà kan ló júwe ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì fún un, ní Bridge Head, lókè ilé àwọn tó ń ta oògùn: abẹ́rẹ́ wà tó ń dí ojú tó hunjọ, kò sì ju wákàtí kan lọ. Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín kí i, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ nìkan ló mira. Ojú tó kù dúró gbagidi.

"Madam, siddon. No fear. Which kind face you want?"

Ẹlòmíì ì bá kàn fọwọ́ kan ibi tó hunjọ. Télọ̀ ni Kẹ́misọ́lá. Ọdún méjìdínlógún làwọn èèyàn ti ń mú fọ́tò wá bá a, tí wọ́n ń ní, "Bí èyí gan-an ni mo fẹ́ ẹ." Ló bá tọwọ́ bọ báàgì, ó fa fọ́tò Mojí tó ti ṣí kúrò lára ògiri yọ.

Nọ́ọ̀sì wò ó pẹ́. "This woman don die," ó ní.

Kẹ́misọ́lá ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Síbẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Kò bèèrè ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Kò rí ibi tí wọ́n ti tú u nínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ò bèèrè oògùn tó ń lò, bẹ́ẹ̀ ó ti gbé asipirín-ìn mì láàárọ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọládìran. Màmá ló jókòó síta. Ó gbójú sókè, ó dìde, ó sì ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi kọlu òkìtì léèsì.

"Mojí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. "Kí lo padà wá mú?"

Ọládìran jáde. Òun ò sá. Ó rìn wá díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kẹ́misọ́lá, ayọ̀ kan sì bo ojú rẹ̀ tí Kẹ́misọ́lá ò rí níbẹ̀ rí. Ayọ̀ náà bà á lẹ́rù ju ìfòyà màmá lọ.

Àfi bí ọwọ́ náà ṣe dúró. "Ó tutù."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu Kẹ́misọ́lá ti funfun, ó ti ń ní àbàwọ́n aláwọ̀ aró.

"Ó ti ń dùn mí láti àná," Kẹ́misọ́lá sọ.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú awọ ara. Ṣé dókítà ló gún un? Kí lorúkọ oògùn náà? Ibo ni wọ́n ti tú u nínú ọ̀rá? Ṣé irú tó ṣeé yọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni dókítà bi í, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Kẹ́misọ́lá dáhùn pé òun ò mọ̀.

"Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti bi í kó tó gún yín nìyẹn," dókítà sọ. "Ó ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Awọ yìí ti fẹ́ máa kú. Ká ní ọ̀nà ojú ló gbà ni, ẹ ì bá ti fọ́jú. Oògùn wà tí mo lè fi yọ́ ọ, tó bá jẹ́ irú tó ń yọ́. Tó bá jẹ́ sílíkóònù ni, iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù. Ṣé kí n gún un?"

Ọládìran ṣì ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

Kẹ́misọ́lá yíjú sí i. "Ẹ fẹ́ kí ojú yìí dúró."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ. Fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó nu ojú. "Àìsàn mú Mojí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò Kérésì. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ fi há mọ́ wa lórí afárá Odò Ọya. Wọ́n ti sin ín kí n tó dé. Mi ò fojú kàn án." Ó di ọwọ́ Kẹ́misọ́lá mú. "Àmọ́ ìwọ lo wà láàyè, olólùfẹ́ mi. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ́ ọ."

Ọlọ́run yọ wọ́n, irú tó ń yọ́ ni. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, awọ náà ti ń pọ́n padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mojí ń lọ. Ọládìran fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ojú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní Bùkọ́lá ti jáde níléèwé. Ó ní kó má bínú pé òun pẹ́ lọ́nà. Ó ní, "Sùn re o, Mojí."

Kẹ́misọ́lá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jowú, kí la fẹ́ fi pa mọ́? Ó lè kọjú sógiri, kò sì sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Kò yíjú. Ó mú orí dúró jẹ́ẹ́ fún un, títí Ọládìran fi dágbére tán.

Nígbà tí ojú náà hunjọ padà, Ọládìran fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Kẹ́mi," ó pè é.

"Mo wà níbí."