Ọrùn Jìtá Tí Apoògùn Yàn

Nígbà tí Apoògùn kọ́kọ́ rí obìnrin náà, etí ló fi lé pákó. Ó tẹ̀ mọ́ tábìlì iṣẹ́, ó fi eegun ìka kan pákó náà kó-kó-kó, ó dákẹ́, ó tún un kàn, ó ń tẹ́tí sí i bí ẹni tí igi ń bá sọ̀rọ̀ àṣírí. Lẹ́bú pákó ti kùn ún láti irun dé ìgbọ̀nwọ́. Ibi tí gíláàsì bò lójú rẹ̀ nìkan ló ṣì mọ́.

"Ẹ wá ibì kan jókòó sí," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Igi yìí fẹ́ parọ́ fún mi ni."

Apoògùn jókòó sórí àpótí kan. Jìtá àyálò tí ọrùn rẹ̀ ti là ló gbé wá, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè bá òun lẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà yíjú sí i tó sì nu gíláàsì rẹ̀, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó ní jìtá tuntun lòun fẹ́.

Agbẹ́jìtá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́lẹ̀, àga àti ibùsùn ló sì ń kàn níbẹ̀. Bàbá ti pinnu pé àga ni ọmọ òun náà máa kàn. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ó kàn án títí ó fi sú u, ló bá yà sídìí jìtá oníná tó ti ń wù ú láti kékeré. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Apoògùn ní tirẹ̀, ilé oògùn tó kọjú sí ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di Sátidé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta a máa ta jìtá nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, aṣọ rẹ̀ kì í rún, kì í sì í bá èèyàn jiyàn.

"Irú jìtá wo lẹ fẹ́?" Agbẹ́jìtá bi í.

"Èyí tó bá ti dára lójú yín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi ni máa gbé e kọ́ èjìká ni? Ara rẹ̀ ńkọ́, kó wúwo àbí kó fúyẹ́? Ṣé odindi igi lẹ fẹ́, àbí ká gbẹ́ inú rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀? Ọrùn ńkọ́? Ká fi bóòtù dè é, àbí ká fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa?"

Apoògùn wo jìtá tó là lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má bínú. Wọn kì í sábà bi mí."

"Ta ni kì í bi yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń bi mí."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn òbí rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ojú lọ, àní nítorí rẹ̀ ni kò ṣe lọ́kọ. Òun ló yan ilé ẹ̀kọ́ fún un, òun ló yan bàtà, òun ló yan iṣẹ́. Títí di bí a ti ń wí yìí, òun ló ń ra ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ni Agbẹ́jìtá bá ní kò sí wàhálà, kó lọ ronú, kó sì máa padà wá.

Apoògùn kò fi ẹsẹ̀ jáfara. Tó bá ti pa ilé oògùn dé, ṣọ́ọ̀bù náà ló ń gbà lọ. Ó gbé ara jìtá oríṣiríṣi kọ́ èjìká, ó sì yan èyí tó jẹ́ odindi igi, tí wọ́n gé ibi ìhà rẹ̀ wọnú kó má baà máa gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bóòtù lòun fẹ́ kí wọ́n fi de ọrùn. Nígbà tó kan àwọ̀, ó mú ìgò oògùn ikọ́ kan jáde nínú àpò.

"Búlúù yìí gẹ́lẹ́," ó ní.

"Àwọn èèyàn á gbọ́ orin rẹ tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ṣíbí."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀ láàárín ara wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ọrùn ni nǹkan yí padà. Agbẹ́jìtá kó ọrùn mẹ́ta sílẹ̀ lára ògiri: ọ̀kan nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ́jú, ẹ̀kẹta wà láàárín méjèèjì.

"Di ojú rẹ," ó ní. "Ọwọ́ ló ń yan ọrùn jìtá, ojú kò mọ̀ ọ́n yàn."

Apoògùn di ojú, ó ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan èyí tó nípọn, kò dá a padà mọ́.

"Èyí ni. Ó kún mi lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá di ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ mú."

Agbẹ́jìtá yíjú kúrò kíákíá, ó ń wá sánpépà kiri orí tábìlì. Sánpépà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ," Apoògùn sọ fún un.

"Mo mọ̀. Ta ló ní kí o lajú?"

Láti ọjọ́ náà, wọn kò fi í pamọ́ fún ara wọn mọ́. Apoògùn ń mú ìpara wá fún ìka rẹ̀ tí irin máa ń bó, ó sì ń bá a fi pa á. Ìyá a máa wo wọ́n láti ẹnu ọ̀nà yàrá, á wúkọ́ díẹ̀, á tún wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Apoògùn sọ ọ́ jáde wẹ́rẹ́: "Mo fẹ́ràn rẹ, ayọ̀ mi. Mi ò fẹ́ kí jìtá yìí tètè parí."

"Èmi náà mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á lọ ni," obìnrin náà dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Agbẹ́jìtá láàmú. Àtàǹpàkò òsì ọkùnrin náà ti yẹ̀ rí nígbà tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Bó bá ti ta jìtá ọlọ́rùn-nínípọn díẹ̀, á máa fi ọwọ́ kejì ra àtàǹpàkò náà. Obìnrin náà rí i, kò sì sọ ọ́. Nígbà tó wá jókòó ti iṣẹ́, ìfẹ́ ló fi mú ìfági. Ó fá ẹ̀yìn ọrùn náà, ó tún un fá, títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tẹ́jú. Ó kùn ún dáadáa, ó de bóòtù rẹ̀ mọ́ ara aláwọ̀ búlúù, ó ṣe wáyà sí i. Jìtá náà rẹwà débi pé òun fúnra rẹ̀ dúró wò ó.

Apoògùn gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bó ti dì í mú lọ́rùn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí kọ́ ni mo yàn."

"Mo mọ̀. Àtàǹpàkò rẹ ni mo rò. Tó bá yá, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"'Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.'" Ọkùnrin náà rọra gbé jìtá náà lé orí tábìlì. "Bí Ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìwọ lẹni tó kọ́kọ́ bi mí ní ohun tí mo fẹ́ láyé yìí. Mo dá ọ lóhùn. O gbọ́ ọ, o sì ṣe tìrẹ."

"Ire rẹ ni mo ń wá!"

"Wọ́n ti wá ire mi tó."

Kò pariwo, kò sì fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Ó kàn lọ, kò sì yọjú mọ́.

Agbẹ́jìtá bínú ní tirẹ̀. Ó ń gbá nǹkan káàkiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá igi jà. Ìyá fi í sílẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọ̀ díẹ̀, ó wá jókòó tì í.

"Ṣé ó bẹ̀ ọ́ pé kí o fá a?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé o bi í?"

"Mi ò bi í. Ṣùgbọ́n ọrùn yẹn ló dára fún un, Màámi. Ẹ ò mọ jìtá ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́," ìyá ní. "Bàbá rẹ náà ní àga ló dára fún ọ."

Agbẹ́jìtá gbé ìfági tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nílé Apoògùn, Ẹ̀gbọ́n ti ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun sílẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ tó mọ̀wé, tó sì níwà, Ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ kí àbúrò òun fi ṣe aya.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi," Apoògùn ní, "mi ò ní wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Mi ò sì ní fẹ́ ọmọ náà."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni tí àga dédé bá sọ̀rọ̀. "O ní kí ni?"

"Mo ti ní ẹni tí mo fẹ́. Agbẹ́jìtá ni."

"Kí ló wá dé tí o ò fi mú un wá kí mi?"

"A ń jà lọ́wọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n òun náà ni."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Ẹ̀gbọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì lápá àti ojú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Agbẹ́jìtá kúnlẹ̀ kí i nínú lẹ́bú pákó.

"Ìwọ lo gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi? Ọmọ tí kì í jiyàn, ó wo ojú mi lánàá, ó ní òun ò ṣe. Kí lo kọ́ ọ?"

"Mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan, mà. Mo bi í ní ohun tó fẹ́ ni. Nígbà tó yá, èmi náà ò bi í mọ́, mo yàn án fún un. Bó ṣe bínú sí yín náà ló bínú sí mi."

"Ó bínú sí ìwọ náà?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn, mà."

Ẹ̀gbọ́n wo àga kan, ó gbọn lẹ́bú orí rẹ̀ dànù, ó jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Mi ò ju ọmọge lọ nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí n máa bi ọmọ ọdún mẹ́rin ní ohun tó fẹ́, suwíìtì la ò bá máa fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Mo ń yàn, mo ń yàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti tó."

"Ẹ tọ́ ọ dáadáa, mà. Èèyàn dáadáa ni."

"Mo mọ̀." Ẹ̀gbọ́n dìde. "Mi ò tíì sọ pé mo gbà o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Agbẹ́jìtá wẹ̀, ó wọ aṣọ tí kò ní lẹ́bú, ó lọ sí ilé oògùn, ó tò sẹ́yìn àwọn tó ń ra oògùn. Nígbà tó kàn án, Apoògùn bi í, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: "Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìmọ̀-ọ́n-tán ló ń ṣe mí," obìnrin náà dáhùn. "Jọ̀ọ́, má bínú. Ọrùn wo lo fẹ́?"

Apoògùn fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. "Èyí tó nípọn."

"Àtàǹpàkò rẹ ńkọ́?"

"Tó bá dùn mí, màá sinmi."

"Ó dáa."

Màmá kan tó wà lẹ́yìn ní tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ ọrùn, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá òun lóhùn, orí ń fọ́ òun.

Agbẹ́jìtá tú bóòtù, ó bọ́ ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Apoògùn jókòó tì í. Bó bá fá díẹ̀, á gbé e fún un, á ní, "Báyìí ńkọ́?" Apoògùn á dì í mú, á ní, "Ṣì fi sílẹ̀," tàbí, "Fá ibí yìí díẹ̀ sí i." Iṣẹ́ náà falẹ̀, kò sì sú ẹnì kankan nínú wọn.

Nígbà tó parí, Apoògùn so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó sì ta á. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn orin kẹta, ó gbọn ọwọ́ òsì rẹ̀ díẹ̀. Agbẹ́jìtá yáa gé ètè jẹ.

"Sọ ọ́," Apoògùn ní.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú rẹ ti sọ ọ́ tán."

Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Ọkùnrin náà gbé jìtá sílẹ̀, ó di ọwọ́ Agbẹ́jìtá méjèèjì mú. "Mo fẹ́ kí á jọ gbé pọ̀ títí ayé. Kò sẹ́ni tó rán mi o. Ṣé o fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ, ọkọ mi," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Èmi ni màá sọ fún un."

Ó sọ fún un lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ ọmọ, Ẹ̀gbọ́n ló ṣíwájú, òun ló kan ilẹ̀kùn, òun ló kọ́kọ́ jókòó nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ kú àbọ̀," ìyá Agbẹ́jìtá kí wọn. "Kí lẹ bá wá o?"

Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń gbẹnu sọ fún àbúrò rẹ̀ láti kékeré, mí kanlẹ̀, ó la ẹnu. Ó wá pa á dé. Ó fi ọwọ́ kan ọkùnrin náà ní orúnkún.

"Ẹ bi òun," ó ní. "Òun ló mọ ohun tó fẹ́."

Apoògùn dọ̀bálẹ̀. "Màámi, ọmọ yín ni mo fẹ́ fi ṣe aya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, Màámi."

Ẹ̀gbọ́n yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú rẹ̀, ó fọn imú. Ó wá ní, "Wọ́n ti bi gbogbo èèyàn tán. Ó ku kí ẹnì kan bi èmi náà bóyá mo ti jẹun."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó dìde lọ gbé oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n jẹ, ó tún bù kún un, ó sì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kí ìyàwó lè ráyè jókòó ti ọkọ rẹ̀.