Òkú Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Bààlù

Òkú Virgil Haakenson dojú bo omi láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì bààlù tó ń bà sórí omi. Atẹ́gùn òwúrọ̀ ń fi orí rẹ̀ gbá irin, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn.

Emmett Sloat, awakọ̀ bààlù náà, ló rí i. Òun náà ló fi rédíò ké sí Lorna Demoski, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àgbègbè òkè náà ní Alaska. Lorna wa bààlù tirẹ̀ wá, kékeré tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, ó bà sórí adágún Tolsi. Àwọn méjèèjì fa òkú náà wá sí etí omi.

Eyín iwájú ti run. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọnú. Àwọn ihò kan wà ní ìpàkọ́, wọn ò fẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jìn dé ọpọlọ. Okùn tó ti já wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wọ́n so nǹkan wúwo mọ́ ọn kó lè rì," Lorna wí. "Okùn ló já wọn kulẹ̀. Kí ló ń dá irú ihò yìí sí èèyàn lórí?"

Sloat tutọ́ sílẹ̀. "Àáké yìnyín. Ẹnu rẹ̀ rí ṣómúṣómú. Àwọn tó ń gun òkè ló ń lò ó."

Haakenson ló máa ń mú àwọn ọdẹ gun òkè. Yàtọ̀ sí Sloat, èèyàn méjì ló kù ní ibùdó rẹ̀ létí adágún náà. Ọ̀kan ni Desmond Kroll, olówó kan láti Texas tó wá ṣọdẹ àgbò funfun orí òkè. Èkejì ni Tobin Reyer, igbákejì Haakenson. Òwúrọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí bààlù gbé wọn lọ sórí òkè. Nínú ahéré ìdáná, àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣètò ìrìn àjò náà ṣì wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ife kọfí tó ti tutù.

Lorna kọ́kọ́ pe Sloat jókòó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kí ló bó yín lọ́wọ́?"

"Eyín Virgil." Sloat ò fi pamọ́. "A jà lálẹ́ àná. Ó ní kí n bà sí adágún tó kéré jù lókè yẹn. Mo ní ẹrù wa ti pọ̀ jù, a ó forí sọ àpáta. Ó pè mí ní ojo. Mo gbá a lẹ́nu."

"Ẹ̀yin lẹ fọ́ eyín rẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹyọ kan. Ó tu ú dànù, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bu ọtí. Àwọn tó kù, ẹ bi ẹlòmíì."

Kroll wọlé pẹ̀lú ìbínú. "Virgil ní ikùn mi tóbi ju àgọ́ mi lọ. Ó ní àgbò á rí mi lókèèrè, ẹ̀rín ló máa pa á. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lù ú pa. Ṣùgbọ́n tó bá kú, ta ló máa mú mi dọ́dọ̀ àgbò?"

"Àáké yìnyín yín dà?"

"Ó wà nínú àpò mi. Ẹ lọ wò ó."

Tobin ló wọlé gbẹ̀yìn. Ara rẹ̀ balẹ̀.

"Ìjà ni wọ́n ń jà, mo lọ sùn ní tèmi. Tí Virgil bá ti mutí yó báyẹn, abúlé ló máa ń sá lọ. Nígbà tí mi ò rí i láàárọ̀, mo ní kí Sloat máa gbé èmi àti Kroll lọ. Á wá bá wa lókè."

"O lè mú Kroll gun òkè láìsí i?"

"Mo mọ òkè yẹn dáadáa."

"Àáké tìrẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní. Ọ̀pá ni mo ń lò, ọ̀gá."

Lorna pe gbogbo wọn síta. Àpò ẹrù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Sloat ti wọn gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná, ó sì fi gègé kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀.

"Ẹ tún wọn wọ̀n."

Sloat gbé wọn kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn bá ti àná mu.

"Ẹ rí i báyìí," Kroll wí. "Ohunkóhun ò kúrò nínú ẹ̀."

"Ẹ tú wọn sílẹ̀."

Àáké Kroll jáde, eruku bò ó. Ti Haakenson jáde, awọ tó bo ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Nínú àpò Tobin, gbogbo nǹkan ló kéré. Ó ti gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kúrò. Ó ti gé ìdí ṣíbí rẹ̀ dànù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú ìbọ̀sẹ̀, ni òkúta etí adágún kan wà. Ó ṣì tutù.

Lorna gbé e sọ́wọ́.

"Tobin, o gé búrọ́ọ̀ṣì kí ẹrù lè fúyẹ́. O wá fẹ́ pọn òkúta gun òkè?"

Lorna fi òkúta náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n.

"O mọ̀ pé Sloat máa tún ẹrù wọ̀n kí ẹ tó gbéra. Tí àpò rẹ bá fúyẹ́, á béèrè ohun tó kúrò. O ní àáké. O jù ú sómi, o fi òkúta dí àyè rẹ̀. Omi yìí mọ́, a ó rí i. Nǹkan kan ni ò yé mi. Apààyàn máa ń sá ni. Kí ló dé tí o ṣì ń fẹ́ kí bààlù gbé ọ lọ?"

Tobin yíjú sí Sloat. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mira, ó ti yọ ọ̀bẹ, ó ti fò mọ́ awakọ̀ náà. Ọ̀bẹ wọ èjìká. Àwọn méjèèjì ṣubú sórí àwọn ẹrù, Tobin sì tún gbé ọ̀bẹ sókè, ọrùn ló ń wá. Lorna yìnbọn. Ọta wọ itan Tobin, ọ̀bẹ já bọ́.

Lorna tẹ orúnkún mọ́ ọn láyà, ó so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹ́líìtì di itan rẹ̀.

"Calvin Ostrow," Tobin wí láàárín eyín. "Bi í bóyá ó rántí Calvin."

Sloat gbójú sílẹ̀.

"Ìyá kan náà ló bí wa. Ó bá Virgil ṣiṣẹ́ ní ìkórè tó kọjá, ó kán lẹ́sẹ̀ lórí òkè yẹn. Àyè ẹyọ kan ló kù nínú bààlù tí Sloat ń wà. Virgil gbé orí àgbò àti ìwo rẹ̀ sí i. Ó ní àwọn ń padà bọ̀. Yìnyín bọ́. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, àbúrò mi ti gan." Ó mí kanlẹ̀. "Mo wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Orí òkè yẹn ni mo fẹ́ pa àwọn méjèèjì sí. Mo ní sùúrù. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pín ẹrù lálẹ́ àná, Kroll bi í pé tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ ńkọ́. Virgil ní, 'Ìwo àgbò ló kọ́kọ́ ń lọ. Èèyàn ní ẹsẹ̀.' Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé e dé etí omi nígbà tó lọ tọ̀."

Kroll wolẹ̀. "Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn," ó wí. "Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Lorna yíjú sí Sloat, tó fi aṣọ tẹ èjìká rẹ̀. Ọgbẹ́ náà ò jìn.

"Ṣé Calvin ṣì wà láàyè nígbà tí ẹ gbéra?"



"Ó juwọ́ sí mi."

"Ẹ máa tún ìyẹn sọ níwájú adájọ́. Ẹ má kúrò níbí."

Ó fi rédíò pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti Kroll gbé Tobin lọ síbi bààlù rẹ̀, wọ́n dè é mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Virgil ńkọ́?" Kroll béèrè. "Ẹ fẹ́ fi í sílẹ̀ báyìí?"

"Òkú kì í kánjú. Ẹ fi nǹkan bò ó."

Ẹ̀jẹ̀ ti rin bẹ́líìtì náà gbingbin kí wọ́n tó kúrò lójú omi. Tobin gbé orí lé gíláàsì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń pàdé.

"Ṣé mo máa kú?"

"Mi ò mọ̀." Lorna yí bààlù sí ọ̀nà ìlú. "Má ṣáà sùn. Sọ̀rọ̀ Calvin fún mi. Irú èèyàn wo ni?"



"Kò mọ orin kọ," Tobin wí, "kì í sì í dákẹ́."