Gachoka Méjì, Ìwé Olóòótọ́ Kan

Sójà kan tẹ Gachoka ọmọ mi lẹ́yìn mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì wọ ẹrẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, kò nù ún. Ó jókòó padà sáàárín wa ní pápá ọjà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún gbogbo ọkùnrin abúlé, ó sì fi eyín di ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mú.

Kìpándè là ń pe ìwé náà. Nígbà ọ̀dọ́ mi, inú agolo irin kékeré ló máa ń wà, a ó sì so ó mọ́ ọrùn bí agogo ewúrẹ́. Ti àwọn ọmọ wa ti di ti àpò, ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá rí òyìnbó, ọwọ́ mi a lọ sọ́rùn. Orúkọ ẹni, orúkọ bàbá ẹni àti òǹtẹ̀ ìka ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wọ igbó Nyandarua láti gba ilẹ̀ wa padà fi ń kọ́kọ́ dáná sun ún.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi ni Gachoka kejì wà, ọmọ Kibui àbúrò mi. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni àkọ́bí ọkùnrin ń jẹ́, nítorí náà orúkọ bàbá wa ni èmi àti Kibui fi sọ àkọ́bí wa. Mo máa ń pe àwọn méjèèjì ní "Bàbá". Àwọn náà a máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Inú àwo kan náà ni wọ́n ti jẹun dàgbà.

Kamotho, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún òyìnbó, gba ìwé wọn. Ẹnìkan tí wọ́n da àpò bo orí rẹ̀ kí a má baà dá a mọ̀, tí ojú nìkan yọ, ti sọ pé Gachoka kan ń gbé oògùn egbò àti ọta ìbọn lọ sínú igbó. Kamotho wo ìwé kìíní, ó wo èkejì.

"Ṣé orúkọ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nílé yín ni? Ẹyọ kan lẹ rí rà, lẹ wá ń pín in lò?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá sójà òyìnbó ní kí wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí àgọ́ ẹ̀wọ̀n, àfi bí ọ̀kan bá fi ẹni tó jẹ̀bi hàn. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò gba ìwé olóòótọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rí pé ti ìjọba òyìnbó ló ń ṣe, kì í ṣe ti àwọn ará igbó. Ìwé yẹn nìkan ni ọmọ ìlú wa lè fi kọjá afárá lọ sígboro. Ìdánwò àṣekágbá ọmọ Kibui sì kù sí dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Kibui gan-an ló gbé oògùn náà, ọmọ mi sì mọ̀. Nígbẹ̀yìn ni èmi tó mọ̀.

Ọmọ Kibui fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka. "Òun ni."

Ọmọ mi yíjú sí i. Ìwé ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó lè sọ̀rọ̀.

"Máa lọ kọ ìdánwò rẹ, Bàbá," ló wí.

Wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n wọ́ ọ dé etí yàrà tí wọ́n fi tipátipá mú àwọn ìyá wa gbẹ́ yí abúlé ká, wọ́n sì yìn ín níbọn. Orí igi ṣóńṣó tí Wakonyo ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó rì í ló ṣubú sí. Wọ́n ní òkú wúwo jù láti gbé dé ọ́fíìsì. Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, kí wọ́n lè fi ìka rẹ̀ wé òǹtẹ̀ inú ìwé. Mo rí i. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, ọmọ Kibui dé orí afárá. Àwọn sójà ibẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ka ìwé olóòótọ́ tí wọ́n fún un.

"Gachoka? A ti pa Gachoka. Òkú wo lo jí ìwé rẹ̀?"

Ó ní àwọn méjì ló ń jẹ́ ẹ, ó ń ka ìran bàbá wa fún wọn. Wọ́n ní irọ́ ni, nítorí Gachoka kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ fi kọ ìdánwò sórí òkúta afárá, wọ́n sì fi ìdí ìbọn gún un bí ẹni gún àgbàdo. Àgọ́ ẹ̀wọ̀n náà ló padà wọ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ó wá bá mi lóko, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ká bí gbòǹgbò. Mo fún un ní ọkọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì ló fi ń bá mi ro oko lọ́dọọdún, Wakonyo a sì bu oúnjẹ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, ilẹ̀ kì í gbàgbé ọ̀dàlẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń wá, ìwé ni o, ipò ni o, ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ ọmọnìkejì yín rà á. Ìwé tí òyìnbó kọ "olóòótọ́" sí kò sọ ẹnikẹ́ni di olóòótọ́.

Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n Gachoka ni mo ń pè é. N kò pè é ní Bàbá mọ́.