Hàlímọ̀tù Fò Padà Láti Ogún

Hàlímọ̀tù jí láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì. Ó wẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ sí iléèwé.

"Inú ń run mí," ó wí fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á níkùn. Ikùn kò gbóná, ikùn kò le. Ó bi í pé kí ló wà níléèwé lónìí.

"Ìyọkúrò ni," ni Hàlímọ̀tù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó mọ ìròpọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ní kó yọ nǹkan kúrò, gbogbo nọ́ńbà á dàrú mọ́ ọn lójú. Lánàá, tíṣà bi í, ó ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ń tún un kà. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n jáde nínú agbo ilé wọn ní Gàmbàrí, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí, ó di iléèwé. Ìyá sọ gbogbo rẹ̀ fún Àǹtí Ìbídùn, tíṣà wọn.

Àǹtí kò bá Hàlímọ̀tù wí. Ó mú igi kan, ó ní kí gbogbo kíláàsì tẹ̀ lé òun lọ sí abẹ́ máńgòrò.

Ó fi igi fa ilẹ̀. Ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ó ya ilé súwè, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi pé ogún.

Súwè kẹ̀? Ojú Hàlímọ̀tù là.

Àǹtí ní kó dúró sínú ilé ogún, kó fi ẹsẹ̀ kan fò padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Gbì. Gbì. Gbì.

"A yọ mẹ́ta kúrò nínú ogún," ni Àǹtí wí. "Ilé wo lo wà báyìí?"

Gbogbo kíláàsì kà á láti ilé kìíní. Mẹ́tàdínlógún ni.

Hàlímọ̀tù kò kúrò níbẹ̀. Ó ń pe nọ́ńbà náà jẹ́jẹ́. Mẹ́ta. Dín. Lógún.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀," ó wí. "Mẹ́ta ló dín nínú ogún. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún wa."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Ó ní kó padà sí ogún, kó fò lẹ́ẹ̀mejì.

Gbì. Gbì.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá a kà á. "Méjìdínlógún," ó wí.

Ni gbogbo ọmọ bá fẹ́ fò. Wọ́n fò, wọ́n fò, iyẹ̀pẹ̀ ń sọ lálá.

"Ó ku ẹ̀yin, Àǹtí," ni Hàlímọ̀tù wí. "Ẹ fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

Àǹtí Ìbídùn bọ́ bàtà. Ó ká aṣọ sókè díẹ̀. Ó dúró sínú ilé ogún, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Gbì! Gbì! Gbì!

Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Gbàgà! Àǹtí jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún," ni gbogbo kíláàsì ké.

Hàlímọ̀tù sáré lọ fà á dìde. Ó fà á, ó fà á, òun náà sì ṣubú lé Àǹtí lẹ́sẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.